Omi Àgbẹ̀dẹ Bàbá Sàníù

Bàbá Sàníù fi ẹ̀mú yọ ọkọ́ tó ti pọ́n yòò kúrò nínú iná, ó tì í bọ inú ọpọ́n omi, omi náà sì pariwo ṣàà. Kifayah, ọmọ ọmọ rẹ̀, kò dúró kí èéfín rẹ̀ lọ tán tó fi ti ìgò bọ inú ọpọ́n náà. Ìgò kẹta rèé láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Bàbá bi í pé kí ló fẹ́ fi gbogbo omi yìí ṣe. Ó ní iṣẹ́ ilé ìwé ni, kí bàbá fọkàn balẹ̀, yóò gbọ́ nípa rẹ̀ láìpẹ́.

Bàbá kò bi í mọ́. Ó gbé ọkọ́ náà lọ síbi òkúta ńlá tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi lu òkúta, ó sì dẹ etí sí i. Gbogbo Lálúpọn ló mọ wàhálà bàbá yìí. Ọkọ́ tí ohùn rẹ̀ bá dán ló ń lọ sọ́wọ́ àgbẹ̀. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá ha, ó ti sán nínú nìyẹn, inú iná ló ń padà sí, ì báà jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ rà á ti ń kánjú lọ sóko. Àwọn àgbẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń gbọ́ ikọ́ ọkọ́.

Kíláàsì kẹ́mísírì ni ọ̀rọ̀ omi yìí ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Oyèkúnlé ló sọ fún wọn pé kòkòrò ibà ti lágídí báyìí, pé oògùn kan tó ń wo àwọn òbí wa sàn nígbà kan rí, kòkòrò náà kò kà á sí mọ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Làwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan bá mú oògùn àtijọ́ náà, wọ́n so irin mọ́ ọn lára, kòkòrò tó ti kọ ti àtijọ́ sì kú nínú abọ́ àyẹ̀wò wọn. Àwọn mìíràn ń gbìyànjú wúrà, àwọn mìíràn ń wá irin mìíràn. Tíṣà kìlọ̀ dáadáa pé kì í ṣe irin ìṣó, kì í ṣe ìpẹtà, pé bíńtín irin tí wọ́n fi ọgbọ́n so síbi tó yẹ ni, wọn kò sì tíì dán an wò tán, kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ etí ọ̀dọ́. Kifayah gbọ́ irin, ó gbọ́ ibà, kò gbọ́ ìyókù. Ṣebí irin ni bàbá òun ń rọ? Ṣebí àwọn ìyá ọlọ́mọ a máa wá bu omi àgbẹ̀dẹ fún ọmọ tí ara rẹ̀ bá gbóná?

Òun ni yóò ṣojú ilé ìwé wọn níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ìyànà Ọ̀fà. Ẹni tó bá gba ipò kìíní yóò lo ìsinmi ní ilé àyẹ̀wò yunifásítì kan ní Ìbàdàn. Kifayah fẹ́ ẹ̀bùn yìí débi pé oorun kò kùn ún mọ́. Ó sọ fún tíṣà pé irin àti ibà lòun máa sọ̀rọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ omi rárá, ó fẹ́ fi yà wọ́n lẹ́nu. Ó wá kọ ọ́ gàdàgbà sórí káádíbọ́ọ̀dù: OMI ÀGBẸ̀DẸ, OÒGÙN IBÀ TÍ A TI NÍ TIPẸ́.

Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ mẹ́jọ, ibà mú Kifayah fúnra rẹ̀. Orí ń fọ́ ọ, òtútù ń mú un, ẹnu rẹ̀ korò. Safwan, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó fẹ́ bá a gbé káádíbọ́ọ̀dù, wá kí i. Dípò kí àánú ṣe é, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ibà yìí gan-an ni ẹ̀rí wa," ló wí. "Mu omi yẹn. Tí o bá dìde, ta ló máa bá wa jiyàn?"

Kifayah mu ife kan láàárọ̀, ó mu òmíràn nírọ̀lẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń gbọ̀n, ó ń bì. Ìyá rẹ̀ kò bi ẹnikẹ́ni, ó gbé e sórí ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Wọ́n gún un níka, àyẹ̀wò fi hàn pé ibà ni, wọ́n fún un ní oògùn ọjọ́ mẹ́ta. Kó tó lò ó tán, ó ti ń bèèrè ẹ̀bà.

Safwan tún dé. Ó bi í bóyá ó mu omi àbí kò mu. Kifayah ní òun mu ún. Ó bi í bóyá ara rẹ̀ yá àbí kò yá. Kifayah ní ó yá. Safwan ní irọ́ wo wá làwọn pa, àwọn ò kàn ní dárúkọ oògùn ilé ìwòsàn ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ Kifayah létí. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ káádíbọ́ọ̀dù pé: Èmi gan-an mu ún, ara mi sì yá. Kò sí irọ́ kan nínú gbólóhùn náà, síbẹ̀ kò lè wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ ìdíje, Bàbá Sàníù ló jókòó síwájú pátápátá, nínú bùbá funfun tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa. Ó ti ròyìn ìdíje ọmọ ọmọ rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó wá síbi iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí Safwan tú káádíbọ́ọ̀dù náà, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Kifayah sọ̀rọ̀ irin, ó sọ̀rọ̀ àgbẹ̀dẹ, ẹnu rẹ̀ dùn. Ìyá kan tó pọn ọmọ wá nàwọ́ sókè.

"Ọmọ mi, ife mélòó ni ká fún ọmọ ọdún kan?"

 Kifayah wo ọmọ ẹ̀yìn ìyá náà, ó wo bàbá rẹ̀ àgbà nínú aṣọ funfun. Bó bá dáhùn, ipò kìíní ti di tirẹ̀ ná. Bó bá sọ òótọ́, á dójú ti bàbá níwájú gbogbo èèyàn. Ó dà bíi pé ó ń gbọ́ ohùn ọkọ́ lórí òkúta, ohùn náà sì ha.

"Ẹ má fún un rárá, mà," ló wí. "Mo mu omi yìí, ńṣe ni ibà mi le sí i. Oògùn ilé ìwòsàn ló wò mí sàn, mi ò sì kọ ọ́ síbí. Irin tí àwọn onímọ̀ ń so mọ́ oògùn yàtọ̀ sí èyí, wọn ò sì tíì dán an wò tán."

 Kifayah kò lè wo iwájú. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbọ́, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ àgbà.

"Ta ló sọ fún ọ pé omi yẹn ń wo ibà?" ni bàbá bi í. "Èmi tí mo ni ọpọ́n, n kò mu ún rí. Bí ibà bá mú mi, ilé ìwòsàn ni mò ń lọ. Àwọn tó ń wá bù ú kò bi mí, ọpọ́n ni wọ́n ń bi."

Ẹ̀rín gba gbogbo ilé. Bàbá dúró kó rọlẹ̀.

"Èmi náà jẹ̀bi tí mo ń wò wọ́n níran. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ yìí. Ó lu iṣẹ́ ara rẹ̀ lórí òkúta níṣojú gbogbo wa, ó gbọ́ pé ó ti sán, kò sì tà á fún ìyá ọlọ́mọ. Ọmọ àgbẹ̀dẹ nìyẹn."

Ipò kẹta ni Kifayah gbà. Ọmọ kan tó sọ̀rọ̀ lórí èèpo ẹ̀gẹ́ ló gba ìkíní. Ó dun Kifayah, kò sì purọ́ pé kò dun òun. Ṣùgbọ́n Dókítà Títílọpẹ́, ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò yunifásítì náà, pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní òun kò lè fún un ní ẹ̀bùn tí kì í ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí Kifayah àti bàbá rẹ̀ àgbà wá wo ilé àyẹ̀wò àwọn lọ́jọ́ kan. Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún nǹkan táwọn ń dán wò níbẹ̀, ó lè má sí ẹyọ kan tó máa ṣiṣẹ́, ẹni tó lè ya ẹnu sọ pé tòun kò ṣiṣẹ́ làwọn sì ń wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, òótọ́ tí a gé ìdajì rẹ̀ kúrò lè pa ọmọ ọlọ́mọ, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí a kò tíì dán wò, a kì í pè é ní oògùn. Kifayah mọ èyí báyìí. Ó yí káádíbọ́ọ̀dù ọjọ́sí padà, ó kọ ọ̀rọ̀ mìíràn sí ẹ̀yìn rẹ̀, Safwan sì bá a gbé e kọ́ sókè ọpọ́n bàbá: OMI YÌÍ, TI ỌKỌ́ NI. BÍ ARA ỌMỌ BÁ GBÓNÁ, ILÉ ÌWÒSÀN NI.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá kan gbé ọmọ àti ife dé. Ó kà á, ó tún un kà. Ó fi ife sínú àpò, ó sì bi bàbá pé ọ̀nà ilé ìwòsàn ńkọ́.