Itọ́ Inú Ìgò

Ọ̀sán gangan ni Olúsọjí wa ọkọ̀ dúdú ńlá kan wọ gáréèjì Ore, tí àwọn tó ń ta búrẹ́dì fún èrò ọkọ̀ gbàgbé ọjà orí wọn, tí wọ́n ń wò ó. Ta ni kò mọ Olúsọjí? Ọmọkùnrin tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ Benin ni, tí ohùn rẹ̀ ti há tán nítorí ariwo. Lábẹ́ agboòrùn Zachariah tó ń tún fóònù ṣe ló ti máa ń rẹ gààrí mu bí oòrùn bá mú. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn kan péré, ó kọ́lé, ó mọ odi yí i ká, ó ra ọkọ̀. Ṣùgbọ́n Olúwabámiṣe àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i mọ́. Bí wọ́n bá béèrè, Olúsọjí á ní:

"Bámiṣe ti gba Líbíà lọ."

Á sì gbé ojú kúrò lára ẹni tó bi í.

Zachariah ò bi í. Ó ti ń súnmọ́ ọgbọ̀n ọdún. Fóònù olówó ló ń tún ṣe, ojú fóònù tirẹ̀ fọ́ yángá. Òun àti Loveth àbúrò rẹ̀ ló ń gbé yàrá méjì tí ìyá wọn fi sílẹ̀ nígbà tí jẹjẹrẹ ọmú pa á; bàbá wọn ti kú ṣáájú. Loveth ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Aṣọ funfun kan ṣoṣo ló ní, á fọ̀ ọ́ lónìí, á tún wọ̀ ọ́ lọ́la. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ dúdú yẹn kọjá, tí eruku rẹ̀ da bo Zachariah lójú, nǹkan kan dìde nínú rẹ̀ tí kò tún jókòó mọ́.

Ó tọ Olúsọjí lọ. "Sọjí, mú mi dé ibi tí o dé."

Olúsọjí wò ó títí. "Padà sílé."

"Ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n bí láti là ni?"

"Mo ní kí o padà sílé, Zachariah."

Kò padà. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́, títí ó fi sú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Olúsọjí mú un lọ.

Wọ́n gun ọ̀kadà gba ọ̀nà igbó Araromi-Obu, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti pin, wọ́n fẹsẹ̀ rìn wọ inú oko kòkó. Ilé alámọ̀ kan ló wà níbẹ̀, páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún. Ẹni tó jáde sí wọn wọ síńgílẹ́ẹ̀tì funfun báláú, ó gbé awò sójú, ó mọ́ tónítóní. Bàbá Pẹ̀lẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé kì í pariwo. Bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún ló ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ta ni o ní nílé?"

"Àbúrò mi obìnrin, sà. Àwa méjèèjì péré la kù."

"Ọmọ ìyá rẹ ni?"

"Ọmọ ìyá mi, ọmọ bàbá mi."

"Ó dá ọ lójú?"

Zachariah rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ojú mi ni wọ́n ṣe bí i."

"Nígbà tí wọ́n bí ìwọ ńkọ́? Ojú ta ni?"

Ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Bàbá Pẹ̀lẹ́ bọ́ awò, ó ń fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì nù ún.

"Àwọn èèyàn ń purọ́ fún mi. Ọkùnrin kan gbé ọmọ wá, ó ní ọmọ òun ni. Ìyàwó rẹ̀ nílé mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Èmi ò mọ̀. Ohun tó wà nínú yàrá ẹ̀yìn mọ̀. Ṣọ́bìrì ni mo fi kó ìfun ọkùnrin yẹn nílẹ̀. Wá wò ó."

Ó ṣí ilẹ̀kùn. Oòrùn ń ràn níta, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ lé wọn wọlé. Òkùnkùn yàrá náà nípọn, ó ń rùn bí ẹ̀jẹ̀ àti bébà tuntun. Zachariah rò pé àpò kòkó ni wọ́n fi ti ògiri. Àpò náà mí.

Olúwabámiṣe ni. Irun rẹ̀ ti bo èjìká. Ilẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mì dé orúnkún, bí igi tí wọ́n gbìn. Ọ̀fun rẹ̀ wú, ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ó la ẹnu, owó bébà jábọ́ níbẹ̀, ó tutù rìnrìn, itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ ń kán lára rẹ̀.

Ó gbé ojú sókè, ó sì dá Zachariah mọ̀. Omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Bọ̀dá Zacha..." Owó mìíràn dí orúkọ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ibi tó yẹ kí Zachariah ti sá nìyẹn. Olúsọjí ti wà níta, ó kọjú sí ìdí kòkó. Ẹsẹ̀ Zachariah fẹ́ sá, ojú rẹ̀ ni kò kúrò lára owó ilẹ̀. Títí dòní, nínú gbogbo ohun tó ṣe, èyí ló ń tì í lójú jù: Bámiṣe ń pè é lórúkọ, owó lòun ń wò.

Bàbá Pẹ̀lẹ́ fi abẹ gé e ní àtẹ́lẹwọ́, ó tẹ ọwọ́ náà mọ́ ògiri. "Búra."

"Bí ẹ̀jẹ̀ tí mo bá mú wá kò bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mi," Zachariah ń tún ọ̀rọ̀ náà wí tẹ̀ lé e, "kí ilé yìí gba èmi alára."

Ògiri mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń mu omi.

"Lọ wádìí kí o tó mú un wá," Bàbá wí, ó ń fi òwú dì í lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Àwọn òyìnbó ti mú un rọrùn. A kì í wo imú wo etí mọ́. Itọ́ lásán ni wọ́n ń gbà."

Ọ̀rọ̀ itọ́ yìí kì í ṣe tuntun sí Zachariah. Ọlọ́runbùnmi, àbúrò ìyá wọn tó wà ní Kánádà, ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé òun fẹ́ fi ohun àyẹ̀wò DNA ránṣẹ́ sí Loveth, irú èyí tí èèyàn ń ṣe nínú ilé. Jẹjẹrẹ tó pa ìyá wọn ló pa ìyá àgbà. Àyẹ̀wò náà á sọ bóyá ó ti bá ẹ̀jẹ̀ wọ ara ọmọ, á tún sọ ibi tí àwọn baba ńlá èèyàn ti ṣẹ̀ wá. Zachariah pè é.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi kún un."

"Ìwọ náà? Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọkọ mi?"

"Ṣé ọkùnrin kì í ṣàìsàn ni? Tí ẹ bá ṣe fún Loveth, tí ẹ ò ṣe fún mi, kí ni mo fẹ́ rò sí?"

Àǹtí mí kanlẹ̀. "Kò burú. Íméèlì Loveth ni màá ní kí wọ́n fi èsì méjèèjì ránṣẹ́ sí."

Nígbà tí ohun àyẹ̀wò náà dé, inú Loveth dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún. Ó ka ìlànà rẹ̀ sókè. "Bọ̀dá mi, ẹ má fẹnu kan oúnjẹ o, ẹ má mu omi." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ìyá wọn, wọ́n ń tutọ́ sínú ìgò kéékèèké, Loveth ń rẹ́rìn-ín débi pé itọ́ ń já sí i lágbọ̀n. Ó dé ìgò tirẹ̀, ó gba ti Zachariah, ó bá a dé e kí ó má bàa jò.

"Ẹ ṣeun," ó ní. "Àǹtí ní ẹ̀yin lẹ fúngun mọ́ àwọn. Láti ìgbà tí Mọ́mì ti kú, ẹ̀rù yìí nìkan ló ń bà mí. Mi ò mọ̀ pé ẹ rí i."

Zachariah ò lè wò ó lójú. Ó ní òun fẹ́ lọ ra gáàsì.

Èsì dé lẹ́yìn oṣù bíi méjì. Zachariah bá Loveth lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù wà láyà rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú.

"Ó wà lára mi," ó ní. "Ohun tó pa Mọ́mì. Kò tíì di àìsàn o, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lára mi. Mo ní láti máa yẹ ara mi wò títí ayé."

"Èmi ńkọ́?"

"Tiyín mọ́, Bọ̀dá mi. Kò sí nínú tiyín rárá." Ó yí ojú sí fèrèsé.

"Ó sọ pé... ọmọ ìyá kan náà ni wá?"

Loveth ti fóònù náà bọ abẹ́ ìrọ̀rí. Ó wá mú un lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín sí i nínú ẹkún. "Ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà. Kí lẹ tún fẹ́ kó sọ?"

Ẹni tó ń sunkún ikú ara rẹ̀ ló dì í lọ́wọ́ mú yẹn, ọkàn Zachariah sì ń sáré ayọ̀. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀: "Bàbá kan wà ní Araromi-Obu tó ní ewé rẹ̀. Màá mú ẹ lọ."

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá mi."

Ní Sátidé, Loveth ra ọsàn lọ́nà fún Bàbá, kí wọ́n má bàa lọ ní ọwọ́ òfo. Ó kúnlẹ̀ kí i. Bàbá Pẹ̀lẹ́ gba ọsàn náà, ó súre fún un, ó ní kí ó wọlé wá gba ewé.

Ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn padé ni ó kígbe. Ó ti rí Bámiṣe. Bàbá ti fi okùn de Loveth mọ́ òpó kí ó tó lè kígbe ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Bọ̀dá mi! Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí!"

Bọ̀dá rẹ̀ kọjú sí ògiri.

Abẹ kọjá lọ́rùn ọwọ́ Loveth. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sínú igbá, tó, tó, tó. Bàbá Pẹ̀lẹ́ tẹ̀ ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọ̀rọ̀:

"Odò kì í ṣàn kó gbàgbé orísun.
Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn kó gbàgbé ara.
Ohun tó bá jẹ́ ti ilé, kí ilé gbà á.
Ohun tó bá jẹ́ ti àlejò, kí ó padà sẹ́nu ẹni tó gbé e wá."

Ẹ̀jẹ̀ inú igbá gbéra. Ó gun etí igbá, ó ṣàn kọjá lórí ilẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ Loveth lọ sókè, ó sì wọnú ọgbẹ́ tí ó ti jáde. Ọgbẹ́ náà pa ẹnu dé. Ilé mì.

"Ta ló purọ́?" Fún ìgbà àkọ́kọ́, Bàbá Pẹ̀lẹ́ pariwo. "Ta ló purọ́ fún mi?"

"Èmi ni," Loveth wí.

Zachariah yíjú padà.

"Èmi ni mo purọ́. Mọ́mì kọ́ ló bí yín. Ibi jàǹbá ọkọ̀ ní òpópónà ni wọ́n ti gbé yín, ọmọ ọwọ́ ni yín, gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà kú, kò sì sẹ́ni tó wá béèrè yín. Mo rí i nínú èsì, mo pe Àǹtí, wọ́n ní òótọ́ ni." Ó fi èjìká nu ojú. "Mi ò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa rò pé ẹ ò lẹ́nìkan láyé."

Ìtìjú bo Zachariah láti orí dé ẹsẹ̀ bí omi gbígbóná. Kò sí ibi tí yóò gbé ojú sí. Zachariah gbàdúrà kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

Ilẹ̀ lanu.

Ó gbá a mú ní kókósẹ̀ méjèèjì, ó ń fà á. Bàbá Pẹ̀lẹ́ ti padà sí ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ó fi abẹ gé okùn Loveth. "Máa lọ, ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ àjèjì ò gbọdọ̀ pẹ́ níbí. Ẹni tó búra la fẹ́." Loveth bẹ́ síta, ó sá.

Ilẹ̀ dé orúnkún Zachariah. Eyín rẹ̀ mì, ó ń jábọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun kan gbéra nínú ikùn rẹ̀, ó mú ṣáṣá ní etí, ó ń fá ọ̀fun rẹ̀ bọ̀ lókè. Nígbà tí ó pọ owó àkọ́kọ́, ẹran ọ̀fun bá a jáde. Ó fẹ́ kígbe, owó ló jáde. Nínú òkùnkùn yẹn, Bámiṣe na ọwọ́, ó wá ọwọ́ rẹ̀, ó dì í mú. Ìyẹn tún dùn ún ju ọ̀fun lọ.

Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó. Ó gbọ́ ariwo, ilẹ̀kùn já, oòrùn ya wọlé. Loveth ni, aṣọ rẹ̀ ti fàya, àwọn àgbẹ̀ tó ń ká kòkó ló kó lẹ́yìn pẹ̀lú ọkọ́ àti àdá. "Ẹ gbẹ́ ibí yìí! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́ ẹ!"

Bí ọkọ́ àkọ́kọ́ ṣe wọ ilẹ̀, Bàbá Pẹ̀lẹ́ tó ń sá lọ láàárín kòkó figbe ta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti là. Ọkọ́ kejì, itan rẹ̀ là. Ibi gbogbo tí wọ́n bá gbẹ́ nínú yàrá ló ń là lára rẹ̀ níta. Nígbà tí wọ́n fi máa fa Zachariah yọ, kò sí ohun tí ènìyàn lè pè ní bàbá mọ́ níbẹ̀, àfi síńgílẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n gbé Bámiṣe sínú oòrùn. Ó wo ojú ọ̀run, ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Olúsọjí fúnra rẹ̀ ló wá gbé òkú àbúrò rẹ̀, kí ó tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ bá àwọn ọlọ́pàá.

Ilé ìwòsàn kan ní Ore ni wọ́n gbé Zachariah lọ. Dókítà ní yóò yè, ṣùgbọ́n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀fun rẹ̀ ti ya kọjá rírán. Loveth jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ṣíbí fún un ní omi. Zachariah ì bá fẹ́ kí ó ṣépè fún òun. Ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, èémí lásán ló ń jáde.

Ọlọ́pàá kan wọlé, ó dúró sí ìdí bẹ́ẹ̀dì.

"Kí ni ọkùnrin yìí jẹ́ sí ọ?"

Loveth gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni, sà."

"Ta ló mú ọ lọ sí igbó yẹn?"

Loveth wo Zachariah lójú, kò yí ojú rẹ̀ kúrò.

"Òun náà ni, sà."

Zachariah fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì bo ojú. Nọ́ọ̀sì tó wà nítòsí ká a kúrò, ó ní kí ó má bo imú.