Oyin Tí Mo Gbé Lọ sí Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1954 ni mo kọ́kọ́ rí Léà. Ó ru ẹja yíyan láti Ẹ̀pẹ́ wá sí Ìkòròdú. Àwa ẹgbẹ́ olóyin jókòó lábẹ́ igi lóko wa ní Ìtamága, à ń jẹ oyin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó. Àwa mẹ́fà ni. Bàbá Ògúnsànyà ni olórí wa.

Mo bu afárá kan fún un. Ó jẹ ẹ́, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ mì, tòun tìda.

A bú sẹ́rìn-ín. Síkírù, ọ̀kan nínú wa, ní, "Ọmọge, a kì í gbé ìda mì! Títu là ń tu ú."

Léà ní, "Ẹ jẹ́ kí eegun ẹja yìí há yín lọ́fun ná. Èmi náà á rẹ́rìn-ín."

Mo ra gbogbo ẹja orí igbá rẹ̀. N kò fẹ́ràn ẹja yíyan. Òun ni mo fẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a ní Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ó fẹ́ràn mi, ó sì sọ ọ́ láìtijú. "Fàsásì, olówó orí mi, lọ bá bàbá mi kí ó tó fi mí fún ẹlòmíràn."

Ará Ìlàjẹ ni wọ́n, apẹja, onígbàgbọ́. Mùsùlùmí ni èmi. Àsíátù, ìyá mi, kò jẹun fún ọjọ́ méjì. "Ọmọ inú omi? Ta ni yóò máa bá mi kírun nílé yìí?" Lọ́jọ́ kẹta, ó jẹun. Ó ní kí n máa lọ.

Matthias, bàbá Léà, wò mí látòkè délẹ̀.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

"Oyin ni mò ń sìn, Bàbá."

"Kòkòrò tó bá bínú, á fò lọ. Ìwọ ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí etí ọ̀sà.

"Gbé oyin rẹ kan wá. Bí wọ́n bá dúró sí etí ọ̀sà yìí títí òjò á fi dé, ìwọ náà lè dúró. N ó fún ọ ní Léà. Bí wọ́n bá lọ, máa bá wọn lọ."

Bàbá Ògúnsànyà kìlọ̀ fún mi. "Ìrọ̀lẹ́ ni kí o gbé wọn, nígbà tí gbogbo wọn bá ti wọlé. Asẹ́ ni kí o fi bo ẹnu ìkòkò tí wọ́n ń gbé. Wọ́n ń mí o."

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà mí pé wọn yóò ta àwọn èrò ọkọ̀, wọn yóò sì ta Léà. Mo fi amọ̀ dí ẹnu ìkòkò pa. Oòrùn ká wa mọ́ ojú ọ̀sà. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ohùn wọn mọ́. Mo rò pé wọ́n sùn ni.

Níwájú Matthias àti àwọn ará ilé rẹ̀, mo fọ́ amọ̀ náà. Ooru ti yọ́ afárá. Gbogbo wọn ti kú sínú oyin ara wọn.

Ojú tì mí. Ọkàn mi bàjẹ́.

Matthias ní, "Wọn ò tilẹ̀ ráyè fò lọ." Ó wọlé.

Léà sìn mí dé èbúté. Ó ń sunkún. "Gbé òmíràn wá. Bàbá kò ní kí o má gbé òmíràn wá."

"Òjò ti fẹ́ dé. Ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀."

"N ó dúró. Bí wọ́n bá lù mí, n ó dúró. Má pẹ́, àyànfẹ́ mi."

Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó wá sọ́jà mọ́. Oṣù mẹ́jọ ni n kò fi rí i.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo gbé ìkòkò mìíràn nírọ̀lẹ́. Mo fi asẹ́ bò ó. Wọ́n ń kùn títí a fi gúnlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀. Inú mi dùn. Èmi nìkan ń rẹ́rìn-ín.

Matthias jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Irun rẹ̀ ti funfun tán.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá. Mo ti gbé wọn wá. Wọ́n wà láàyè."

Ó tẹ́tí sí wọn.

"Ìgbóná pa Léà lóṣù kẹsàn-án. Kí ó tó kú, ọkùnrin kan, Olúṣọlá, wá tọrọ rẹ̀ láti fi ṣaya, Léà kọ̀. Mo lù ú. Ó ní ìwọ ni òun ń retí."

Mo jókòó sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó mú mi lọ síbi ibojì Léà. Mo kí i.

Mo padà wá gbé ìkòkò mi. Matthias di ọwọ́ mi mú.

"Fi wọ́n sílẹ̀."

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó rán ẹlẹ́ja kan sí mi ní Ìkòròdú. "Ẹ sọ fún Fàsásì pé wọn kò lọ. Mo gbà."

Mo lọ. Ó gbé àga fún mi. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń lọ kó oyin níbẹ̀, títí òun náà fi kú. Àna ni ó ń pè mí. Mò ń dá a lóhùn.