Pírósẹ́sọ̀ Tí Kò Bá Bọ́ọ̀dù Mu

"Fàrídà, kò mà wọlé o," ni Fàrúkù wí. Ó jókòó sílẹ̀ pálọ̀, ó ń wá bí pírósẹ́sọ̀ tuntun, ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà ronú, yóò ṣe bọ́ sí àyè rẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù inú kọ̀ǹpútà náà.

"Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i," ni Fàrídà àbúrò rẹ̀ dá a lóhùn, láìgbójú kúrò lára fóònù.

Fàrúkù tẹ̀ ẹ́. Nǹkan dún kẹ́. Nígbà tó yọ ọ́ wò, àwọn irin tín-ín-rín tó tò sábẹ́ rẹ̀ bí eyín ìyarun ti wọ́, òmíràn sì ti kán.

Fàrídà ju fóònù sílẹ̀, torí òun ló yan pírósẹ́sọ̀ náà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí Fàrúkù ti ń fi iṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń ṣe ní Ashaiman, ní Ghana, ra kọ̀ǹpútà yìí jọ díẹ̀díẹ̀, kó lè máa gbá géèmù kí àwọn èèyàn sì máa wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Fàrídà ló pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà nínú ilé. Ẹ ò lè bi ọmọ yìí ní nǹkan kó ní òun ò mọ̀ ọ́n.

Ọláṣẹ̀hìndé, ọmọ Yorùbá bíi tiwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní ọjà Madina ní Accra, ti bi Fàrídà nígbà tó lọ ra pírósẹ́sọ̀ pé irú bọ́ọ̀dù wo ló wà nílé. Ó ní kó lọ ya fọ́tò rẹ̀ wá, torí bó ti wù kí pírósẹ́sọ̀ lágbára tó, kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù ló ń gbà á. Àwọn ẹlẹgbẹ́ Fàrídà wà níbẹ̀, ojú sì tì í láti sọ pé òun ò mọ̀. Ó ní òun mọ bọ́ọ̀dù náà dáadáa, kó ṣáà fún òun ní èyí tó lágbára jù.

"Ṣé kò bi ọ́ ní irú bọ́ọ̀dù tá a ní ni?" ni Fàrúkù béèrè.

"Kò bi mí ní nǹkan kan."

Ìyá wọn, Alájà Ràfíátù tó ń ta ọṣẹ ní ọjà kan náà, gbọ́ ọ láti yàrá. Ní ọjọ́ kejì, ó fa Fàrídà lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó sì fi Yorùbá àti Twi bú Ọláṣẹ̀hìndé níṣojú gbogbo ọjà, pé ó ń rẹ́ ọmọ ilé jẹ. Obìnrin kan tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ọmọ rẹ̀ yíjú padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọláṣẹ̀hìndé wo Fàrídà lẹ́ẹ̀kan. Ì bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni Alájà, kò sì lè sọ lójú ọjà pé ọmọ rẹ̀ ń purọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

"Ẹ má bínú, Màmá. Bóyá mi ò ṣàlàyé tó."

Fàrídà dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Látìgbà yẹn, ó ń gbọ́ tí àwọn obìnrin ọjà ń kìlọ̀ fún ara wọn pé kí wọ́n má lọ sọ́dọ̀ ọmọ Alátà yẹn mọ́, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀. Ó kórìíra ara rẹ̀. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn igbá ọṣẹ, ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀.

"Ọmọ ọlọ́mọ dọ̀bálẹ̀ fún mi," ni Alájà wí, "o sì dúró, ò ń wò ó."

Fàrídà bẹ̀ ẹ́ pé kó rán àwọn àgbà lọ bá òun tọrọ àforíjì. Alájà kọ̀. Ó ní ibi tí òun ti pariwo ni Fàrídà yóò ti sọ ọ́.

Fàrídà sì sọ ọ́, pẹ̀lú ẹkún, níwájú ṣọ́ọ̀bù. Bó ti gbójú sókè, ó rí ìyá rẹ̀ tó ń ká aṣọ sókè láti kúnlẹ̀ fún ọmọdé. Ọláṣẹ̀hìndé sáré dì í mú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi." Ó wá kọjú sí Fàrídà. "Ká ní o sọ pé o ò mọ̀, ta ni ì bá nà ọ́?"

Fàrídà lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó ń sọ irọ́ rẹ̀ fún wọn. Àwọn kan gbọ́, ṣùgbọ́n kò rí obìnrin tó yíjú padà lọ́jọ́sí mọ́. Kọ̀ǹpútà Fàrúkù ṣì wà nílẹ̀ pálọ̀ láìní pírósẹ́sọ̀. Ìgbàkígbà tí Fàrídà bá ń gbá ilẹ̀ yí i ká, ó máa ń rántí pé ìtìjú kékeré tí òun sá fún ló wá di ti ìyá òun.