Erùpẹ̀ Tó Bọ́ Sínú Wàrà Rohésà

Erùpẹ̀ ṣọ́bìrì kan ló fò jáde látinú yàrà, ó bọ́ gbàgà sínú korobá wàrà tí Rohésà gbé lọ́wọ́. Ó yọjú wo ìsàlẹ̀. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ ti bò ó látòkè délẹ̀, eyín nìkan ló funfun lára rẹ̀.

"Ìwọ inú kòtò yìí, ta ló ní kí o bá mi fi iyọ̀ sí wàrà?"

"Ẹ má bínú, arẹwà. Mi ò rí yín ni."

"Ṣé o ò lójú ni?"

"Mo lójú. Ìsinsìnyí gan-an ló ń ṣiṣẹ́ jù."

Rohésà fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, ẹ̀rín kọ̀. Látọjọ́ náà, kò tún gba ọ̀nà mìíràn gbé wàrà lọ sílé baálẹ̀.

Tústínì lorúkọ ọmọkùnrin náà. Tó bá di ká ju erùpẹ̀ sókè, kò sẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Nọ́máńdì. Ohun tí baálẹ̀ sì ń wá gan-an nìyẹn. Ó ti kó erùpẹ̀ jọ bí òkè, ó kọ́ ilé ìṣọ́ onígi sórí rẹ̀, ó wá ku yàrà tí ọ̀tá ò ní lè gòkè kọjá. Ṣùgbọ́n Díúkù, tó ni gbogbo ilẹ̀ náà, ò fẹ́ kí baálẹ̀ kankan lágbára ju òun lọ. Òfin rẹ̀ ni pé yàrà ò gbọdọ̀ jìn ju ibi tí ẹnì kan lè dúró sí nísàlẹ̀, kó ju erùpẹ̀ jáde láìgun nǹkan kan. Bí apá agbẹ́lẹ̀ bá ṣe le tó ni yàrà ṣe ń jìn tó. Baálẹ̀ ti ṣèlérí pé bí yàrà bá yege, òun á fún Tústínì nílẹ̀ àti ilé nínú odi.

Bàbá Rohésà, gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń gbẹ́ igi odi, fárígá nígbà tí Rohésà ní Tústínì lòun fẹ́ fẹ́. "Tó bá gbẹ́ tibí tán, á lọ gbẹ́ tibòmíràn. Ṣé inú kòtò lo fẹ́ máa bá a gbé kiri?"

"Bàbá, wọ́n máa fún un nílẹ̀."

"Tí wọ́n bá fún un, kó wá bá mi. Tí wọn ò bá fún un, kó má fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà mi."

Ọjọ́ tí aṣojú Díúkù máa wá yẹ yàrà wò pé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, erùpẹ̀ wúwo bí òkúta. Tústínì ju ti àkọ́kọ́, ó padà wá bá a lórí. Ó tún jù ú, bákan náà. Aṣojú Díúkù mi orí. Bí yàrà yìí bá kùnà, wọ́n á dí i, olólùfẹ́ Rohésà á di ẹrù rẹ̀, á sì máa lọ.

Ó kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀, ó lọ dúró létí yàrà gan-an.

"Tústínì, lọ́jọ́ tí mi ò bẹ̀ ọ́, o da erùpẹ̀ sí mi ní wàrà. Òní tí mo wá dúró dè é, ṣé apá ti kú ni?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Tústínì náà rẹ́rìn-ín, ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ó sì fi gbogbo ara jù ú. Erùpẹ̀ náà bá Rohésà láyà gbì, ó ta sí aṣojú Díúkù lójú.

Aṣojú nu ojú. "Ó ti jáde," ló wí.

Rohésà ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ gbọn ẹrẹ̀ dànù, bàbá rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú.

"Má gbọ̀n ọ́n. Ìdána tí ọkọ rẹ gbé wá nìyẹn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sétí yàrà. "Àna mi, jáde nínú kòtò yẹn, wá jẹun." Òun fúnra rẹ̀ ló gbé àkàsọ̀ sọ̀ kalẹ̀ fún un.