Agbẹjọ́rò Tí Ẹlòmíràn Ń Ru Ẹ̀bi Rẹ̀

Ìwọ tó mú ìwé pélébé yìí dání, fara balẹ̀ kà á dé ìparí. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni, ṣùgbọ́n ó lè kan ìwọ náà.

Ní Porto-Novo, àwọn tí kò mọ Judicaël Òkunọlá kò pọ̀. Abẹ́òkúta ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n àdúgbò Houinmè níbí ni wọ́n bí òun sí. Agbẹjọ́rò ni. Mẹ́tìrì ni gbogbo ènìyàn ń pè é, bí a ṣe ń pe àwọn agbẹjọ́rò níbí. Bó bá dìde nílé ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé dárà, àwọn tó wá wòran a máa mi orí. Ó kọ́kọ́ wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní aṣòfin lòun fẹ́ dà.

Judicaël kì í mutí yó, kì í jalè. Ó máa ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ọdún, iwájú ló sì máa ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n ó dá a lójú pé kò sí ọ̀ràn tí ẹnu òun kò lè yọ òun nínú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, tí ìpolongo ìbò gbóná janjan, ó ń bọ̀ láti Cotonou. Èrò ń retí rẹ̀ ní Akpro-Missérété, ó sì ti pẹ́. Ó ní kí Wassim, awakọ̀ rẹ̀, dúró.

"Bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. O ti ń fà jù. Èmi fúnra mi ni màá wà á."

Nígbà tí wọ́n dé Sèmè-Kpodji, Wassim di ìjókòó mú. "Ọ̀gá, ẹ rọra o! Àwọn èèyàn ń sọdá níwájú."

Fóònù Judicaël ń dún. Ó bojú wò ó. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, obìnrin kan ti wà níwájú ọkọ̀, ó ru ọpọ́n ẹja. Ọkọ̀ gbá a.

Adizatou ni obìnrin náà ń jẹ́. Kò dé ọsibítù kó tó kú.

Eruku kò tíì rọlẹ̀ tí Judicaël ti mọ ohun tí yóò ṣe. Ó gbá apá Wassim mú.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ìwọ lo wa ọkọ̀."

"Ọ̀gá, èmi kọ́ o!"

"Bí wọ́n bá mú mi, ta ni yóò gbà mí sílẹ̀? Bí wọ́n bá mú ọ, èmi wà níta tí màá gbà ọ́. Oṣù mẹ́ta péré. Ṣé mo ti pàdánù ẹjọ́ rí?"

Wassim wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo obìnrin tó wà nílẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń sáré bọ̀. Ó lọ dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn awakọ̀.

Judicaël búra fún àwọn ọlọ́pàá pé ẹ̀yìn ọkọ̀ lòun jókòó sí. Wọ́n gbé Wassim lọ sẹ́wọ̀n láti dúró de ìgbẹ́jọ́. Nígbà tí wọ́n ka ìbò, Judicaël ló wọlé. Wọ́n gbé e lé èjìká yí Houinmè ká.

Oṣù mẹ́ta kọjá, Wassim kò jáde. Aṣòfin tuntun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ọ̀rọ̀ náà gbé jáde. Nafissath, ìyàwó Wassim, wá bá a ní ọ́fíìsì. Ó pọn ọmọ tó bí lẹ́yìn tí wọ́n mú ọkọ rẹ̀.

"Mẹ́tìrì, ẹ dákun. Bàbá ọmọ yìí kò tíì gbé e rí."

"Máa lọ sílé. Mò ń bójú tó o."

Kò bójú tó nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà ni ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ lọ sílé ìwé, Dámiláre, aránṣọ tó ń rán ẹ̀wù dúdú àwọn agbẹjọ́rò. Ọjọ́ tí Dámiláre wá wọn ẹ̀wù fún un, ó fa okùn ìwọ̀n rẹ̀ títí, ó dúró.

"Judi, o ti rù. Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ ni."

"Iṣẹ́ kọ́. Mo mọ̀ ọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, ọ̀rẹ́ mi, gbé e tọ Jésù lọ. Kì í lé ẹni tó bá gbà pé òun jẹ̀bi."

Judicaël bọ́ ẹ̀wù náà sọ nù. "Ta ló fi ọ́ ṣe àlùfáà mi? Jáde!"

Nígbà tí Wassim lo oṣù méje lẹ́wọ̀n, ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé. Judicaël wá jẹ́rìí, ó sì tún irọ́ rẹ̀ pa. Nafissath jókòó lẹ́yìn. Dámiláre, tí wọ́n jọ ń gbé àdúgbò kan, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Adájọ́ kọjú sí Wassim. "Ṣé ìwọ lo wa ọkọ̀?"

Wassim wo Judicaël, ẹni tó ṣèlérí pé òun yóò gbà á. Ó wò ó pẹ́.

"Èmi ni."

Aboubakar, ọkọ olóògbé, ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ó dìde tòun ti ọ̀pá rẹ̀, ó yíjú sí Wassim.

"Ọmọ mi, Adizatou kò lè padà wá mọ́. Mo ti dárí jì ọ́ nítorí Ọlọ́run. Kí adájọ́ ṣàánú rẹ."

Ìdáríjì yẹn gba iwájú Judicaël kọjá, ó lọ bá ẹni tí kò ṣẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n sinmi fún ogún ìṣẹ́jú, kí òun tó dájọ́.

Judicaël fa Dámiláre sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Dámiláre mú ọwọ́ kúrò léjìká rẹ̀.

"Oṣù méje! Èmi ni mò ń bá obìnrin yẹn gbé oúnjẹ lọ sẹ́wọ̀n!" Ó yíjú sí ògiri.

Judicaël ní, "Aṣòfin ni mí. Bí mo bá panu mọ́, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù Ọlọ́run ń bà mí, Dámiláre. Kí ni mo lè ṣe?"

"Ìwọ fipá ti aláìṣẹ̀ sí ipò rẹ. Kò sẹ́ni tó ti Jésù. Ó mọ̀ọ́mọ̀ wá dúró ní ipò rẹ, ó sì kú ikú tó tọ́ sí ọ. Ẹ̀bi rẹ níwájú Ọlọ́run, òun ló rù ú. Ṣùgbọ́n Wassim kò gbọdọ̀ ru tìrẹ mọ́."

"Ṣé ó lè gba irú mi?"

"Bí o bá lè wá láìṣàwíjàre."

Wọ́n ti ń pe àwọn èèyàn wọlé. Judicaël kúnlẹ̀ níbẹ̀, lójú àwọn ẹ̀ṣọ́. "Jésù, mo jẹ̀bi. Mi ò ní ohunkóhun láti sọ. Ṣàánú mi."

Ó dìde, ó wọlé, ó lọ títí dé iwájú adájọ́. "Mo parọ́. Èmi ni mo wa ọkọ̀. Aláìṣẹ̀ ni Wassim."

Ariwo sọ. Wassim fọwọ́ bojú, ó bú sẹ́kún. Aboubakar rọra jókòó.

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Wassim ti gbé ọmọ rẹ̀. Judicaël fi ipò aṣòfin sílẹ̀, kó má bàa sí ohun tí yóò gbà á lọ́wọ́ òfin. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò láàárín àwọn agbẹjọ́rò, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Ó kọ lẹ́tà sí Aboubakar, kò tíì rí èsì, kò sì bínú. Nígbà tí Dámiláre lọ wò ó, ohun tó sọ ni pé, "Ibi tí mo wà yìí le. Ṣùgbọ́n mi ò sá fún Ọlọ́run mọ́."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ta ló ń jìyà ohun tí o ṣe? Irọ́ wo lo ti pa tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ fúnra rẹ ti fẹ́ máa gbà á gbọ́? Ìwọ náà yóò dúró níwájú Adájọ́ kan. Kò ní béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́rìí, nítorí ó wà níbẹ̀ nígbà tí o ṣe é.

Kristi ti kú fún ọ. Ó wà láàyè, ó sì ń gba ẹlẹ́ṣẹ̀. Má dúró kó di ìgbà tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀, tàbí ìgbà tí o bá ti tún ìwà rẹ ṣe. Níbi tó o wà yìí, ìbáà ṣe ibi iṣẹ́ tàbí inú ọkọ̀, sọ fún un pé o jẹ̀bi, kí o sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.

Lónìí ni. Ó ń gbọ́ ọ.