Àjẹ́ Tí Ìyá Aláriwo Tẹ̀lé Dé Ilé Ìwòsàn

Ká má parọ́, ẹnu Ìyá Aláriwo ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Òun ló pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ ní àjẹ́, kò sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ohùn tó fi ń lé ewúrẹ́ ló fi sọ ọ́. Ìdí obìnrin yìí ti fọ́ àga méjì rí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹnu rẹ̀ fọ́ ju àga lọ.

Ikú àkọ́bí rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Káfíńtà ni, abarapá ọkùnrin. Ojú rẹ̀ ṣàdédé pọ́n bí pupa ẹyin, ikùn rẹ̀ wú, ó kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ṣe é. Ní báyìí, àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe búrẹ́dì, ọkọ ìyàwó yìí, ti ń dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, ojú tiẹ̀ náà sì ti ń pọ́n.

"Kí ìyàwó yìí tó wọlé, ta ló ṣàìsàn nínú ilé yìí?" Ìyá Aláriwo bi aládùúgbò rẹ̀, Ìyá Ẹlẹ́yin.

"Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣé omi ló ń lọ pọn? Ẹyẹ sì ń ké lórí òrùlé yín."

Ìyàwó, aránṣọ tó lóyún nínú, kò gbójú kúrò lára ẹ̀rọ. "Ẹyẹ yẹn ò jẹ́ kí èmi náà sùn, Màmá."

"Báwo lo ṣe máa sùn? Ṣebí ìwọ lò ń fò!"

Ìyá Aláriwo wọ́ àpò aṣọ ìyàwó jù síta. "Tó o bá tún jáde lóru, má padà wọlé mi!"

Ọmọ rẹ̀ fẹ́ dìde lórí ibùsùn, èébì ò jẹ́. "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀," ni gbogbo ohun tó rí sọ.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹyẹ ké. Ilẹ̀kùn dún kẹ́rẹ́. Ìyá Aláriwo ju bàtà lu ẹyẹ, bàtà já bọ́ sí i níwájú orí. Ó tẹ̀lé ìyàwó pẹ̀lú bàtà kan lẹ́sẹ̀, ó ń yọ́ rìn lẹ́bàá gọ́tà. Ẹ̀rù mú un só. Ó bojú wẹ̀yìn bí ẹni pé ẹlòmíràn ni.

Ìpàdé àwọn obìnrin ló bá lóòótọ́. Orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n jókòó sí, níwájú ilé ìwòsàn, wọ́n ń dúró kí wọ́n ṣílẹ̀kùn.

"Ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́!" ó figbe ta.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ta nìyí?"

"Èmi ni ìyá ọkọ ẹ̀!"

Nọ́ọ̀sì wo ìyàwó. "Ìyá tó o ní kò lè rìn?"

"Ta ni ò lè rìn? Láti ilé ni mo ti ń tẹ̀lé e!"

"Ẹ̀yin la ti ń retí, ìyá. Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ló ń ṣe ọmọ yín. Kòkòrò àrùn ni, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé. Ìyàwó yìí ò ní in, a sì ti ń gún un lábẹ́rẹ́ kó má bàa kó o. Oògùn ọkọ ẹ̀ ló ń wá gbà. Ẹ na ìka yín."

Ẹ̀jẹ̀ kán sórí ike pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ìlà kan yọ. Wọ́n dúró. Ìlà kejì yọ.

Ohùn nọ́ọ̀sì rọ̀. "Ó wà lára ẹ̀yin náà. Ó jọ pé ìgbà tí ẹ bí i, òun àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó kú, ni wọ́n ti kó o. Kì í ṣe ẹ̀bi yín, ìyá. Láyé ìgbà yẹn, ta ló ń gún ọmọ tuntun lábẹ́rẹ́ ẹ̀? Káàkiri ayé, àìmọye èèyàn ló ní in tí wọn ò mọ̀."

Ìyá Aláriwo kọjú sí ìyàwó. Ohun tó ṣe fún káfíńtà, kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Èyí tó ṣe fún ìyàwó yìí, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ṣe é.

"O mọ̀?"

"Ọmọ yín ló ní n má sọ. Ó ní tí ẹ bá gbọ́ pé láti ọ̀dọ̀ yín ni, ìbànújẹ́ á pa yín." Ìyàwó nu imú. "Mo ní ó sàn kí n jẹ́ àjẹ́."

Nígbà tí wọ́n padà délé, oòrùn ti yọ. Ìyá Ẹlẹ́yin àti àwọn obìnrin àdúgbò ti yí àpò aṣọ náà ká. Ìyá Aláriwo bẹ̀rẹ̀, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ń dún, ó gbé e ka orí ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ n gbé e."

Kò fún un, ó ń gbé e padà wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ o!" Ìyá Ẹlẹ́yin dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ti ká a mọ́, àbí? Ẹ pariwo ẹ̀ kí gbogbo wa gbọ́: ta ni àjẹ́ náà?"