Àbùlẹ̀ Ìrẹ̀lẹ̀

Ìṣó ló kún ẹnu ọkùnrin náà nígbà tí Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ fojú kàn án. Orí àkàbà ló wà nínú gbọ̀ngàn ńlá, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gbá ògiri mọ́ra, ó ń kan ọ̀pá ìfaṣọkọ́. Oòrùn àárọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé, ó bà lé e léjìká. Lẹ́búlẹ́bú igi wà nínú irun rẹ̀ bí ewú tó dé láìkí onílé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Hmm," ni ọkùnrin náà fi imú dáhùn.

Abẹ́rẹ́ sọ ẹrù aṣọ tó gbé kalẹ̀. "Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o."

"Hm-hmm."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè yìí, ṣé àwa tá a wà nílẹ̀ kò tóó dá lóhùn ni? Àbí ọ̀rọ̀ ti di ọjà ọ̀wọ́n nílé yín?"

Ọkùnrin náà sọ̀kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó tu ìṣó sí àtẹ́lẹwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó nu ẹnu, ó wá rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú. Bí mo bá dáhùn, màá gbé ìṣó mì. Ṣé ẹ wá fẹ́ kí wọ́n sọ pé ìkíni yín ló pa káfíńtà?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abẹ́rẹ́ kó tó rántí pé inú ń bí òun.

Abẹ́rẹ́ kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni, ó rí tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí àwọn ọmọdé bá ti rí i ní ilé ìwòsàn, ẹ̀yìn ìyá wọn ni wọ́n ń sá sí. Àmọ́ abẹ́rẹ́ míì ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wí. Bó bá ti bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, ìdí kúbùsù alábùlẹ̀ ni wọ́n ti ń bá a. Yóò gé àgékù aṣọ sí wẹ́wẹ́, yóò tò wọ́n pọ̀ di àwòrán, yóò tẹ́ òwú sábẹ́ rẹ̀, yóò fi odidi aṣọ gbè é nídìí, yóò wá rán gbogbo rẹ̀ mọ́ra wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹsẹ̀ èèrà. Àwọn bíi tirẹ̀ tó wà ládùúgbò kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́, lọ́dọọdún ni wọ́n sì ń ṣe ìpàtẹ kúbùsù nínú gbọ̀ngàn yìí. Ìyá Ẹgbẹ́, àgbà obìnrin tó jẹ́ olórí wọn, kì í pè é láìkì í:

"Abẹ́rẹ́, irin tín-ín-rín tó ń so igba aṣọ pọ̀,
Olójú kan ṣoṣo tó ń ríran ju olójú méjì lọ.
Ó kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Ó gba ibi tóóró kọjá, ó fa ìrù gbọọrọ tẹ̀ lé ara rẹ̀."

Káfíńtà bá wọn gbé àwọn kúbùsù sókè lọ́jọ́ náà. Nígbà tó dé orí ti Ìyá Ẹgbẹ́, ó dúró, ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ẹ má pè mí ní alátojúbọ̀ o," ló rọra sọ fún Abẹ́rẹ́. "Gbogbo ìràwọ̀ inú èyí ló dúró ṣánṣán, àfi ẹyọ kan tó dorí kodò. Ṣé oorun gbé màmá lọ ni?"

"Ẹ rọra o! Èyí tẹ́ ẹ rí yẹn gan-an ni orí kúbùsù. Àbùlẹ̀ ìrẹ̀lẹ̀ là ń pè é. Ọlọ́run nìkan ni iṣẹ́ Rẹ̀ pé. Nínú ẹgbẹ́ wa, dandan ni kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fi àbùlẹ̀ kan sílẹ̀ kó wọ́, kó má baà gbàgbé pé ẹ̀dá lòun. Kúbùsù tí kò bá ní in, a kì í gbé e kọ́."

"Ó dáa tí n kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín. Bí igi bá wọ́ lọ́wọ́ tèmi, ilẹ̀kùn kò ní tì."

"Igi tó bá tọ́ kì í pẹ́ nígbó, ọ̀gá káfíńtà."

"Kó má pẹ́," ló dáhùn, ó ń kó ìṣó padà sẹ́nu, "bó bá ti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ló ń bọ̀."

Láti ọjọ́ náà ni ara Káfíńtà kò ti le mọ́. Lónìí, ẹ̀rún igi wọ̀ ọ́ níka, ó gba ilé ìwòsàn lọ. Lọ́jọ́ míì, òòlù bà á ní àtàǹpàkò, ó tún gba ibẹ̀ lọ.

"Ìwọ ọkùnrin yìí," ni Abẹ́rẹ́ wí bó ṣe ń fi òwú nu ìka tí kò sí ohun gidi kan tó ṣe é, "ṣé igi lò ń gbẹ́ ni, àbí ara rẹ?"

"Oògùn tí mo wá gbà kò sí nínú kọ́bọ́ọ̀dù yẹn."

Kò pẹ́ tó fi gbé férémù kan wá fún un, igi mẹ́rin tó so kọ́ra láti máa fi na kúbùsù. Ó ti fi sáńpépà gbo ó títí tí fọ́nrán òwú kan kò fi lè há sí i lára. Abẹ́rẹ́ jókòó tì í, apá rẹ̀ sì dé etí méjèèjì láìnà gàgà.

"Ta ló sọ ìwọ̀n apá mi fún ọ?"

"Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n."

"Ojú wo?"

"Ojú ìfẹ́. Ìyẹn kì í ṣìwọ̀n."

Abẹ́rẹ́ ju àgékù aṣọ lù ú. Nígbà tó yá, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ọkùnrin tí ń gbé òòlù wá ń di ẹ̀mí mú, ó fún ojú pọ̀, ó fi itọ́ lọ́ orí òwú. Nígbà tí òwú náà wọlé, ó hó yèè bí ẹni tó kọ́ ilé.

Àmọ́ Abẹ́rẹ́ ní bàbá.

Bàbá Télọ̀ ni gbogbo ènìyàn ń pe bàbá náà. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ sinmi lọ́dọ̀ Ẹlẹ́dàá, òun àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù nínú ilé tí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wà níwájú rẹ̀. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì díẹ̀. Ó ṣì ń rí aṣọ rán dáadáa, ojú abẹ́rẹ́ nìkan ló ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Láràárọ̀, kí Abẹ́rẹ́ tó lọ síbi iṣẹ́, yóò fi òwú bọ abẹ́rẹ́ kún inú ìrọ̀rí kékeré kan fún un, dúdú, funfun, búlúù, kí bàbá lè rí ti gbogbo ọjọ́ lò.

Nígbà tó dárúkọ ẹni tó ń fẹ́ ẹ, bàbá bọ́ awò ojú.

"Káfíńtà wo?"

"Èyí tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, bàbá mi."

Bàbá Télọ̀ na ọwọ́, ó tẹ tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Tábìlì náà mì, ó ró gbì. "Gbọ́ ọ fúnra rẹ. Òun ló ṣe é. Ẹni tí kò lè mú ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rin dọ́gba, báwo ni yóò ṣe mú ilé dúró?"

Abẹ́rẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Káfíńtà. Ojú ọkùnrin náà le.

"Mo wọn tábìlì yẹn, mo tún un wọ̀n. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù wọn ló rì ní igun kan. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní àwọn ti ń tẹ ilẹ̀ náà kí wọ́n tó bí mi."

"Ṣáà lọ bẹ̀ wọ́n."

"Nítorí ohun tí n kò ṣe? Ìfẹ́ mi, bí mo bá gé ẹsẹ̀ tó dọ́gba, mo ti sọ iṣẹ́ mi di irọ́."

"Tábìlì lò ń fẹ́ ni, àbí èmi?"

Káfíńtà kò tètè dáhùn. Dídákẹ́ yẹn gún Abẹ́rẹ́ ju bí ó ṣe ń gún àwọn ọmọ ilé ìwòsàn lọ.

"N kò lè wọ ilé ọkọ láìsí ìre bàbá mi," ló wí. "Èmi nìkan ni wọ́n ní. Lọ́jọ́ tí orí rẹ bá wálẹ̀, o mọ ọ̀nà ilé wa."

Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin méjì fi ìgbéraga di ọ̀nà mọ́ obìnrin kan. Abẹ́rẹ́ kò bá èyíkéyìí jà. Ó gbé ẹjọ́ náà lọ fún Ẹni tí kì í sùn, ó wá jókòó ti férémù rẹ̀. Kúbùsù ẹyẹ ló ń rán fún ìpàtẹ ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹyẹ inú rẹ̀ na ìyẹ́, wọ́n kọjú sí ọ̀tún, wọ́n ń fò lọ. Ẹyọ kan ṣoṣo, nítòsí etí ìsàlẹ̀, ló kọjú sí òsì. Aṣọ búlúù tó ṣẹ́ kù lára aṣọ tí bàbá ń wọ̀ jáde ló fi rán an. Àbùlẹ̀ ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó parí rẹ̀, ó ká a sórí àga, ó lọ síbi iṣẹ́.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé bàbá rẹ̀ wọlé, ó ṣí kúbùsù náà wò. Ọkùnrin tó ti ń pe iṣẹ́ yìí ní àkísà látọdúnmọ́dún dúró sójú fèrèsé, ẹnu yà á. Ó fi ọwọ́ pa ẹyẹ lára lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dé orí èyí tó kọjú sódì. "Háà, ọmọ mi," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ni kò jẹ́ kó rí èyí." Pẹ̀lú gbogbo ìfẹ́ tí bàbá ní sí ọmọ, ó tú ẹyẹ náà, ó yí i padà, ó rán an mọ́ ibẹ̀ tó fi jẹ́ pé eṣinṣin kò lè mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kejì kọjá níbẹ̀.

Ọjọ́ ìpàtẹ pé. Káfíńtà wà ní gbọ̀ngàn pẹ̀lú àkàbà rẹ̀, òun àti Abẹ́rẹ́ sì ń wo ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ ojú. Ìyá Ẹgbẹ́ ń lọ láti orí kúbùsù kan dé òmíràn. Bó ṣe ń ṣe lọ́dọọdún nìyẹn: yóò fi ìka lé àbùlẹ̀ tó wọ́, yóò gbàdúrà kúkúrú, wọn yóò wá gbé e kọ́. Ó dé orí ti Abẹ́rẹ́. Ìka rẹ̀ rìn lọ, ó rìn bọ̀.

"Abẹ́rẹ́, èyí tó wọ́ dà?"

"Ìsàlẹ̀ níbí, mà..." Ọ̀rọ̀ gé mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹyẹ búlúù ń fò lọ sọ́tùn-ún pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Bàbá Télọ̀, tó wá wo iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wọn. "Mo ti bá ọ tún un ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo rí ẹyẹ tó ń ṣìnà, ṣé kí n máa wò ó ni?"

Ìyá Ẹgbẹ́ ṣàlàyé òfin wọn fún un jẹ́jẹ́. Ẹ̀rín bàbá ń kú lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ ò ní lè gbé e kọ́?"

"Òfin ni, Bàbá Télọ̀. A ti fẹ́ ṣílẹ̀kùn."

Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. "Ẹyẹ yẹn kò ṣìnà, bàbá mi. Àwọn yòókù ń lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Òun nìkan ló ń wẹ̀yìn wo ilé. Tìtorí yín ni mo ṣe rán an bẹ́ẹ̀."

Bàbá ṣí fìlà, ó gbé e lé orí àga. "Ẹ fún mi ní abẹ́rẹ́ tó ti ní òwú lójú."

Wọ́n gbé e jókòó nídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà. Ó tú ẹyẹ náà, ó yí i sódì, ó ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́. Tábìlì mì, ó ró gbì. Bàbá gbójú sókè, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ ti Káfíńtà.

"Ìwọ lo ṣe èyí náà?"

"Rárá, sà. Ibí ni mo bá a."

Bàbá sún tábìlì sí ẹ̀gbẹ́, ó dúró wámú. Ó dá a padà sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó mì. "Àṣé ilẹ̀ ni," ló ń kùn. "Ilẹ̀ ibí yìí ló rì ní igun..."

Ó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ. Abẹ́rẹ́ di ẹ̀mí mú. Bí Káfíńtà bá sọ pé "mo wí bẹ́ẹ̀" báyìí, gbogbo rẹ̀ ti tán.

Káfíńtà kò sọ ọ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó fi èjìká gbè é. "Ẹ máa rán an, bàbá. Kò ní mì."

Bàbá rán an. Bó ṣe kọ́kọ́ rán an, ọwọ́ rẹ̀ ti yí ẹyẹ náà tọ́ padà láìfura. Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ yìí ti gbọ́n jù," ni bàbá wí, ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀. Òógùn ń já bọ́ lójú Káfíńtà, tábìlì kò sì mì.

"Ìwọ tó wà nísàlẹ̀," ni bàbá pè, kò gbójú kúrò nídìí abẹ́rẹ́. "Òótọ́ lo sọ fún mi lọ́jọ́sí."

"Òótọ́ ni, sà, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi sọ ọ́ ló wọ́. Pátákó pélébé kan ni ǹ bá ti fi sábẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tán. Mo mọ ìwọ̀n, n kò mọ ìwà. Ẹ forí jì mí."

Bàbá já òwú. Ẹyẹ búlúù ń wẹ̀yìn. Ìyá Ẹgbẹ́ fi ìka lé e: "Ìwọ Ọba tí iṣẹ́ Rẹ pé, gba èyí tó wọ́ lọ́wọ́ wa." Wọ́n ṣe àmín, wọ́n gbé e kọ́.

"Mo béèrè nígbà kan," ni Bàbá Télọ̀ wí fún ọmọ rẹ̀, "pé ẹni tí kò lè mú tábìlì dúró, báwo ni yóò ṣe mú ilé dúró. Ó ti dá mi lóhùn lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà mí, ọmọ mi. Mo ń ronú ẹni tí yóò máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún mi."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n fi bọ̀ ọ́, sà," ni Káfíńtà wí nísàlẹ̀. "Ọmọ yín ló kọ́ mi."

Kúbùsù ẹlòmíràn ló gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà. Abẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ gbọ́ nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀, nítorí Káfíńtà ti dìde, eruku wà lórúnkún rẹ̀, ó dúró síwájú rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ mi, ṣé o ṣì lè fẹ́ káfíńtà tó wọ́ díẹ̀?"

"Èyí tí kò bá wọ́ rárá," ni Abẹ́rẹ́ dáhùn, omi ẹkún ń dán lójú rẹ̀, "a kì í gbé e kọ́."

Wọ́n so wọ́n pọ̀ kí ọdún náà tó parí, bàbá fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìgbéyàwó. Ilé wọn kò jìnnà. Pátákó pélébé kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ìgéṣọ báyìí, kúbùsù ẹyẹ sì wà lórí àga bàbá. Láràárọ̀, Káfíńtà á yà, á jókòó sí ojú fèrèsé, á di ẹ̀mí mú, á fún ojú pọ̀, á fi òwú bọ abẹ́rẹ́ kún inú ìrọ̀rí kékeré náà.

"Òwú èyí ti gùn jù," ni bàbá máa ń ráhùn.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni, bàbá. Ti Ọlọ́run nìkan ló pé."

Bàbá á tẹ tábìlì wò, tábìlì á dákẹ́, òun náà á sì rẹ́rìn-ín.